Iná Tí A Pààrọ̀ ní Narrabeel

Ọmọbìnrin tó wà lórí fóònù ní òun ò lè bá Glenys Borg sọ ọ̀rọ̀ owó iná, nítorí pé orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé àwọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé fóònù fún ọ̀gbẹ́ni Borg, kí wọ́n kàn fẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà."

"Ọkọ mi ti kú."

"Áà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ìgbà wo la lè pè padà kí a bá wọn nílé?"

Glenys gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún gbé e padà sétí.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá a nílé," ló wí, "ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Kàtólíìkì ló kó lọ. Ẹ gbé ṣọ́bìrì dání."

Ó pa fóònù náà, ó sì dúró láàárín kíṣìnì. Kì í ṣe ẹkún ló fẹ́ sun. Inú ló ń bí i, inú burúkú, irú èyí tó máa ń jẹ́ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ta iná fún un yìí náà ló ni ilé amúnáwá tí Sav, ọkọ rẹ̀, fi gbogbo agbára ọ̀dọ́ rẹ̀ sìn. Èédú ni wọ́n ń jó níbẹ̀, òpó èéfín rẹ̀ sì ga débi pé ẹni tó bá ń bọ̀ láti Melbourne á ti rí i, á sì mọ̀ pé òun ti fẹ́ délé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í pa, wọn ò pe ẹnikẹ́ni jókòó. Orí rédíò ọkọ̀ ni Sav ti gbọ́ ọ, bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Ó yí ọkọ̀ padà, ó wa á wọ gáràjì, ó sì jókòó sínú rẹ̀ títí Glenys fi gbé tíì lọ bá a. Kò pé ọdún kan sígbà náà tí ọkàn rẹ̀ fi dákẹ́ nínú gáràjì yẹn kan náà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Glenys mọ ohun tó pa ọkọ òun, ó sì mọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, nítorí pé ó ń fi ìwé owó iná ránṣẹ́ sí i déédéé.

Ẹ lè bi í pé, kí ló dé tó fi ń sanwó fún wọn látìgbà náà? Òun náà bi ara rẹ̀. Ní Narrabeel, ìlú kékeré wọn yìí, èèyàn kì í pààrọ̀ ẹni tó ń ta iná fún un, bí kì í ti í pààrọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí bàbá rẹ̀ ń tì lẹ́yìn. Ìyà ti ń jẹ ọ́, o ti mọ ojú ìyà náà, o sì ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, níwájú abọ́ tó ti mọ́ kọjá bó ṣe yẹ, Glenys búra pé kọ́bọ̀ òun ò ní kan ọwọ́ wọn mọ́ láé. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ibì kan ṣoṣo ló wà tó wù ú láti lọ. Àwọn kan ti dá ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ nílùú, wọ́n pè é ní Iná Narrabeel. Kò ní òpó, kò ní waya. Waya tó wà lójú títì tẹ́lẹ̀ náà ni, mítà tó wà lára ògiri kálukú náà ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ra iná lọ́jà ńlá, níbi tí gbogbo àwọn tó ń pèsè iná ti ń tà á, ó sì ń tà á fún àwọn ará ilé. Ẹni tó bá ń ra iná lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọmọ ẹgbẹ́, ó sì ní ìbò kan níbi ìpàdé ọdọọdún. Èrè rẹ̀ ò sì jáde nílùú. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni alága rẹ̀, nítorí Lindsay Pryor ni alága.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí Lindsay Pryor jẹ́, ẹ má bi ọmọ Narrabeel kankan, torí wọn ò ní fi ẹnu wọn pe orúkọ yẹn. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé amúnáwá yanṣẹ́ lódì, tí Sav àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì nínú òtútù, tí àwọn ìyàwó ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná lọ fún wọn, Lindsay wọ bọ́ọ̀sì tí àwọn ọ̀gá fi nẹ́ẹ̀tì irin bo fèrèsé rẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá, ó wọlé lọ ṣiṣẹ́. Ó gbowó. Ó fi owó náà ra màlúù. Látọjọ́ náà, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó kí i mọ́. Tó bá wọ ilé ọtí, wọ́n á kẹ̀yìn sí i. Tó bá dìde sọ̀rọ̀ nípàdé èyíkéyìí, tọkọtaya wọn á dìde, wọ́n á jáde síta, wọn ò sì ní wọlé àfìgbà tó bá jókòó. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn tó bá a ṣeré láti kékeré ò débi ìsìnkú. Ó le, àbí? Ó le. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n àwọn ará Narrabeel ò ní sùúrù láti dúró de ilẹ̀, wọ́n ń bá ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn àjèjì tó kó wá láti Melbourne nítorí ilé ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi í jẹ alága. Wọn ò sí nílùú nígbà ìyanṣẹ́lódì, wọn ò mọ nǹkan kan. Àgbẹ̀ tó mọ ìṣirò, tó ní àyè, tó sì ní ilẹ̀, ni wọ́n rí.

Glenys gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Merle Hutchings, aládùúgbò rẹ̀, tí Ron ọkọ rẹ̀ bá Sav ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ kan náà. Ron náà ti lọ. Tíì wà lórí tábìlì, bisikíìtì wà nínú páànù, Merle sì fò sókè kó tó gbọ́ parí.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Kí n máa fowó ara mi bọ́ ọ̀dàlẹ̀? Tó bá dọ̀la, wàá ní kí n lọ bá a fọ ṣòkòtò."

"Ta lò ń bọ́ báyìí, Merle? Àwọn tó ti géètì mọ́ Ron síta ńkọ́, oore ni wọ́n ń ṣe ẹ́?"

"Àwọn yẹn ò mọ̀ mí rí. Olè tí ò mọ̀ mí sàn ju olè àdúgbò lọ."

"Olè lolè ń jẹ́."

"Ó dáa, gbọ́ eléyìí." Merle ki bisikíìtì bọ inú tíì. "Àwọn kéékèèké yẹn kì í pẹ́ kú. Ti ìlú kejì yẹn, ṣé kò wó ni? Ṣó o wá mọ ibi tí wọ́n kó àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ? Ọ̀dọ̀ àwọn ńlá yẹn náà ni! Òfin ìjọba ni, kí ilé ẹnikẹ́ni má bàa ṣókùnkùn. Wọn ò tiẹ̀ ní bi ẹ́. Wàá kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wàá gbọ́ pé o ti padà sílé ọkọ tó o kọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Glenys lára. Ó ń wo ojú fèrèsé. Ìrì dídì ṣì funfun lórí koríko. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ọ̀tá méjì ló ní, àfi bíi pé bó bá fẹ́ na ọ̀kan, èkejì ló gbọ́dọ̀ yá a ní pàṣán.

"Merle, ta ló ń yan alága wọn?"

"Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ta ni ìbá tún yàn án?"

"Èèyàn mélòó ló ń wá sípàdé?"

"Kí ni mo mọ̀? Àwọn olùkọ́ yẹn, ọkùnrin tó ń sin ewúrẹ́, àtàwọn tó ń wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra gun kẹ̀kẹ́."

"Àwa opó mélòó la wà nílùú yìí?"

Merle gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Glenys Borg, ìkà ni ẹ́."

"Jẹ bisikíìtì ẹ."

Báyìí ni wọ́n ṣe pààrọ̀ iná. Glenys ló kọ́kọ́ kúrò, Merle tẹ̀ lé e, ni wọ́n bá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé iná á dínwó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ṣó o fẹ́ já àwọn tó ti ilé amúnáwá pa jù sílẹ̀, kó o sì lé ọ̀dàlẹ̀ kúrò lórí àga lọ́jọ́ kan náà?" Mi ò tíì rí ìpolówó ọjà tó yára tà báyẹn. Àwọn ìyá tí kì í pààrọ̀ irú ọṣẹ tí wọ́n ń lò pààrọ̀ iná. Ó kù díẹ̀ kó máà sí opó kan tó ṣẹ́ kù nílùú tí kò di ọmọ ẹgbẹ́ Iná Narrabeel. A gbọ́ pé Lindsay fúnra rẹ̀ yọ̀, ó rò pé ọkàn ìlú ti ń rọ̀ sí òun. Ẹ ṣáà wò ó.

Ọ̀sẹ̀ tí Glenys kúrò ni ilé-iṣẹ́ ńlá pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò bèèrè ọ̀gbẹ́ni Borg. Ọkùnrin olóhùn dídùn kan ni.

"Ìyáàfin Borg, ó dùn wá pé ẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀. Kí la fi ṣẹ̀ yín, mà?"

"Ẹ pa ọkọ mi."

Ìwé ń dún lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó jọ pé ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ pé kó máa sọ kò débẹ̀.

"Ṣé tí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò fún yín, mà?"

"Kúrò nínú kí ni? Nínú ikú ẹ̀?"

Glenys rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tí kò ṣe látìgbà tí Sav ti lọ. Kò tún sí oyin tó dùn tó o, kí ọ̀tá máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ọ́, kí o sì máa kọ̀.

Gbọ̀ngàn àwọn panápaná ni wọ́n ti ṣe ìpàdé ọdọọdún, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí òtútù mú gan-an. Anjali, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó kó wá láti Melbourne, ni akọ̀wé. Ojú ẹ̀ là nígbà tó rí àwọn opó tó ń rọ́ wọlé nínú ẹ̀wù òtútù, ó sì ń sá káàkiri wá àga sí i. "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ káàbọ̀ o, inú wa dùn!" Àánú rẹ̀ ṣe Glenys díẹ̀.

Lindsay Pryor dìde. Ó ti gbẹ, ó ti tẹ̀ lẹ́yìn, ó di fìlà rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì. Kó tó la ẹnu, Merle ti dìde. Glenys dìde. Ariwo àga gba gbogbo ilé, àwọn opó sì tò síta lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò wẹ̀yìn.

Níta, wọ́n da tíì láti inú fláàsì, wọ́n ń fẹsẹ̀ jó nítorí òtútù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé. Ohùn Lindsay ń gba inú ògiri jáde, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀ gùn lónìí," ni Merle wí. "Ó mọ̀ pé ilé ń jó."

"Jẹ́ kó máa sọ. Ẹnu ẹ̀ ló máa rẹ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Anjali yọjú, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì dùn mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wọlé wá gbọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ yìí kàn yín. Ọ̀rọ̀ báńkì ni, ọ̀rọ̀ onídùúró."

"Ọmọ mi," Glenys dá a lóhùn jẹ́jẹ́, "a mọ̀ pé o ò sí nílùú nígbà yẹn, a ò bá ẹ bínú. Tó bá ti jókòó, kó o wá pè wá."

"Ṣùgbọ́n mà, tẹ́ ò bá gbọ́ ọ..."

"A ò gbọ́ tiẹ̀ látọdún wọ̀nyí wá, a ò sì kú," ni Merle wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì padà wọlé.

Nígbà tí wọ́n wọlé, ìbò ló kù. Anjali tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí àwọn kọ́kọ́ tún ohun tí alága sọ sọ fún àwọn tó wà níta. "Ẹ ka ìbò!" ni Merle ké, àwọn opó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, "Ẹ ka ìbò! Ẹ ka ìbò!" títí ọmọ náà fi ká ìwé rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kí Lindsay kúrò nawọ́. Ẹ ò rí ọwọ́: ọwọ́ nínú ìbọ̀wọ́ onírun, ọwọ́ tí àrùn oríkèé ti ká, ọwọ́ tó ti pín ọbẹ̀ lẹ́nu géètì. Wọ́n borí àwọn àjèjì pátápátá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi Glenys Borg jẹ alága. Lindsay dé fìlà rẹ̀, ó jáde. Glenys wò ó títí ọkọ̀ rẹ̀ fi yípo kọ́nà, ó sì ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, Sav, ṣó o rí i?

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Anjali kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò gba tíì. Ó ṣàlàyé fún un bí ẹni ń kọ́ ọmọ kékeré, láì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ra iná kì í tà fún ilé-iṣẹ́ kékeré láìní onídùúró, ẹni tí báńkì lè mú bí ilé-iṣẹ́ náà ò bá rówó san. Lindsay ni onídùúró. Oko rẹ̀, ilé rẹ̀, màlúù rẹ̀, gbogbo ìwé wọn wà ní báńkì lórúkọ Iná Narrabeel. Àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú báńkì sì ni pé, ọjọ́ tí òun bá ti kúrò nínú ìgbìmọ̀, ọwọ́ òun ti kúrò níbẹ̀.

"Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn mà, nígbà tí ẹ wà níta."

Glenys fìdí lé àga.

"Àwa ńkọ́? Ṣé a ò lè fi ilé tiwa dúró?"

"Mo ti bèèrè. Báńkì ní láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé amúnáwá, ilé nílùú yìí ò jẹ́ nǹkan kan lójú àwọn." Ọmọ náà wolẹ̀. "Ìparí ọ̀sẹ̀ yìí ni ọjà máa já wa. Bí wọ́n bá já wa, òfin máa kó gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá. Àfi bí ọ̀gbẹ́ni Pryor bá tún fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní alága tuntun ni kó wá fúnra ẹ̀."

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo òru ni Glenys fi yí sọ́tùn-ún yí sósì. Ó ronú nípa àwọn obìnrin tó fà jáde nínú ilé wọn, ó ronú nípa ìbúra tó búra. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó dára jù, ó sì wakọ̀ lọ sí oko Lindsay Pryor, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì dé rí.

Ó bá a nínú ọgbà àwọn ọmọ màlúù, tó ń fi korobá fún wọn ní wàrà. Lindsay rí i, kò dáwọ́ dúró. Glenys dúró lẹ́yìn ọgbà. Ó ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà ò gbà láti kọjú sí ọkùnrin yẹn. Ó bá kọjú sí ọmọ màlúù kan tó ní àmì funfun níwájú orí.

"Ọmọ màlúù, bá mi sọ fún ẹni tó ń fún ẹ lóúnjẹ pé àwọn opó Narrabeel ní kó tún fọwọ́ sí ìwé báńkì."

Lindsay gbé korobá sílẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó jọ pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Màlúù ò gbédè, Glenys. Èmi ni kó o bá sọ̀rọ̀."

Glenys ṣì ń wo ọmọ màlúù náà.

"Ó dáa," ni Lindsay wí. "Gbọ́ mi. Màá fọwọ́ sí i lónìí olónìí. Mi ò fẹ́ jẹ alága mọ́, ẹ mú un. Mi ò ní kẹ́ ẹ dárí jì mí, torí mo mọ ohun tí mo ṣe, bó bá sì tún dọjọ́ yẹn, bóyá màá tún ṣe é. Nǹkan kan ni mo fẹ́." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Kí mi. Kò sẹ́ni níbí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ṣáà sọ pé, 'Káàárọ̀, Lindsay.' Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sí ọmọ ìlú yìí kan tó pè mí lórúkọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan."

Ọ̀rọ̀ méjì ni. Ọmọdé ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ lójú títì. Glenys mọ iye ìdílé tó so mọ́ ọ̀rọ̀ méjì yìí, ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ilé-iṣẹ́ ńlá ò ní rí kọ́bọ̀ òun mọ́ láéláé. Ó la ẹnu. Ó mí èémí sínú. Ó wo ojú Lindsay, ó sì rí i pé omi ti gba ibẹ̀, pé ètè ọkùnrin náà ń mì bó ṣe ń retí.

Ohun tó gbé e lọ nìyẹn. Látọdún wọ̀nyí tó ti ń wá ẹ̀san, kò rí ojú ọ̀tá rẹ̀ rí. Ilé-iṣẹ́ ńlá ò ní ojú. O lè bú u, o lè kọ̀ ọ́, á tún ní kí ọmọ olóhùn dídùn mìíràn pè ọ́. Kò sí ibi tí ó ti ń dùn ún. Ṣùgbọ́n eléyìí rèé, ó ní ojú, ó ní omi lójú, ohun tó fẹ́ jù láyé sì wà lábẹ́ ahọ́n òun. Adùn kan dé bá a tó kọjá ti ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì na ọwọ́ gba àárín ọgbà, ó fi pa ọmọ màlúù alámì funfun náà lórí.

"Káàárọ̀ o, ọmọ màlúù," ló wí.

Ó yí padà, ó lọ wọ ọkọ̀. Nígbà tó wo dígí, Lindsay ṣì dúró síbi tó fi í sí, àwọn màlúù ń fi orí ti korobá lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Glenys kọrin dé ojú títì ńlá. Ojú títì ńlá ni orin náà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó rò ó pé kí òun padà. Ó tẹ̀ síwájú.

Ó sọ fún Anjali pé Lindsay kọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjà já wọn. Iná ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Kẹ́túù Glenys ń hó lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún, tí ọmọbìnrin kan fi ohùn ìdùnnú sọ fún un pé ìyípadà díẹ̀ ti dé, pé kò sí ohun tó kù fún un láti ṣe, pé wọ́n ti bá a ṣe gbogbo ẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ padà, Ìyáàfin Borg." Glenys dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ohun mìíràn tí òun ìbá sọ.

Merle dé lọ́sàn-án láìkan ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Wọ́n ti pè ẹ́? Wọ́n pe èmi náà. Wọ́n pe gbogbo wa." Ó jókòó láìbọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. "Ọ̀dàlẹ̀ yẹn! Ó tún fi wá lé wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Anjali ní o lọ bẹ̀ ẹ́."

"Mo lọ."

"Ó kọ̀ fún ẹ lójúkojú?"

"Ó kọ̀."

Merle fi ọwọ́ bojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

"Ṣó o mọ nǹkan tó ń dùn mí, Glenys? Ó yẹ kó bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa, àní nǹkan àbùkù. Ìbá ní kí n kúnlẹ̀ nínú ìgbẹ́ màlúù ẹ̀, kí n pè é lọ́gàá níwájú gbogbo ìlú, màá ṣe é. Nítorí Ron. Kí àwọn yẹn má ṣáà tún jẹ owó wa. Màá ṣe é, mo fi Ọlọ́run búra."

Glenys da tíì sínú kọ́ọ̀pù, ó tì í síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Èmi náà," ló wí.